Ẹjọ́ Ìbọn Tí A Yìn Lóru

Bí ènìyàn bá gba ọ̀nà Ifẹ̀ jáde kúrò ní Ìbàdàn, tí ó kọjá Alákìá níbi tí bàálù ń balẹ̀ sí, tí ó sì yà kúrò lójú ọ̀dà wọ inú oko kòkó àti oko ẹ̀gẹ́ tí ó lọ sí ìhà Ẹ̀rúnmú àti Ọ̀sẹ́gẹ̀rẹ̀ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá, agbára káká ni yóò fi dé abúlé kan tí kò ní bá ìbọn ṣakabùlà níbẹ̀: ìbọn tí bàbá fi sílẹ̀ fún ọmọ, tí alágbẹ̀dẹ ti tún ìdí rẹ̀ ṣe, tí ó fara ti ògiri yàrá lẹ́bàá àpò ẹ̀tù. Àwọn tí wọ́n ni ín kì í ṣe jàǹdùkú. Àgbẹ̀ ni wọ́n, ọdẹ ni wọ́n, baálé ilé tí kì í jẹ owó ìjọ tàbí owó ẹgbẹ́ ni wọ́n. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ọ̀kan nínú wọn léèrè pé, "Bàbá, bí ẹni tí ẹ kò mọ̀ bá ń fi irin já ilẹ̀kùn yín lóru, tí ẹ yìnbọn, tí ó sì kú, kí ni ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò mọ́ bá yín?" kò ní dáhùn ìbéèrè náà. Yóò ní, "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ á rí i." Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àìmọ̀wé ni ó fa irú èsì bẹ́ẹ̀. Agbẹjọ́rò tí ó ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní kóòtù Ìyágankú pàápàá, bí ó bá fẹ́ sọ òótọ́ inú rẹ̀, àdúrà kan náà ni yóò gbà, nítorí pé òfin tí ó fún ènìyàn láàyè láti gba ara rẹ̀ sílẹ̀ wà, ṣùgbọ́n ibi tí àyè náà parí sí, òkùnkùn ni.

Àwọn tí ń ki Ìbàdàn Mesìọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, a máa dápàárá pé ìlú tí olè ti ń jàre olóhun ni. Ẹ̀rín ni a fi ń gbọ́ ọ níbi àríyá. Ẹni tí ó bá ti dúró níwájú adájọ́ nítorí òkú olè kò ní bá wa rín in.

Ọ̀rọ̀ náà sì ju ti òfin nìkan lọ. Ohun tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé ǹjẹ́ ó tọ́ kí a fi ohun tí gbogbo ayé mọ̀ nígbà tí ilẹ̀ mọ́ dá ẹjọ́ ẹni tí ó gbé ìgbésẹ̀ lórí ohun tí òun nìkan rò nígbà tí ilẹ̀ ṣú? Kí òfin àwọn òyìnbó tó dé, Ògún Lákáayé, Ọ̀ṣìn Imọlẹ̀, ni ó ni ìbọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti ni àdá àti ọkọ́. Títí di òní olónìí, ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe Kìrìsìtẹ́nì, tí kì í sì í ṣe Mùsùlùmí, irin ni wọ́n ń gbé fún un ní kóòtù kí ó fi búra, tí ó fi jẹ́ pé ohun kan náà tí ó pa ènìyàn lóru ni a ó gbé wá lọ́sàn-án kí ó wá jẹ́rìí òtítọ́. Ìtàn Ògún ní Ìrè kò sì ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa: bí akọni náà ti ti ojú ogun dé pẹ̀lú òùngbẹ, tí ó bá àwọn ará ìlú níbi àjọ̀dún tí ọ̀rọ̀ sísọ jẹ́ èèwọ̀, tí ẹnikẹ́ni kò kí i, tí akèrègbè ẹmu tí ó gbé sì jẹ́ òfìfo, bí ó ti ka ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wọn sí àfojúdi, tí ó yọ idà, tí ó sì pa àwọn ènìyàn tirẹ̀, àti bí ó ti jẹ́ pé, nígbà tí ó mọ òtítọ́, kò dúró de adájọ́ kankan kí ó tó wọlẹ̀ lọ. Ohun tí ó máa ń jọ mí lójú nínú ìtàn náà ni pé àwọn baba wa kò pe Ògún ní òpùrọ́. Ohun tí ó rò, tinútinú ni ó fi rò ó, ẹnikẹ́ni tí òùngbẹ bá ń gbẹ, tí a sì dákẹ́ mọ́ lára, lè rò bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ẹ̀jẹ̀ tí ó ta sílẹ̀ kò torí èyí di omi.

Mose ní tirẹ̀, nínú ìwé Ẹ́kísódù orí 22, fi oòrùn pààlà ọ̀rọ̀ yìí. Olè tí onílé bá pa nígbà tí ó ń fọ́lé lóru, kò sí ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn onílé. Ṣùgbọ́n bí oòrùn bá ti là sórí olè náà, ẹ̀jẹ̀ wà lọ́rùn ẹni tí ó pa á. Ọgbọ́n tí ó wà níbẹ̀ hàn sí ojú: lọ́sàn-án, a lè dá ènìyàn mọ̀, a lè kígbe kí aládùúgbò gbọ́, a sì lè mọ̀ bóyá ewúrẹ́ ni ó wá gbé tàbí ẹ̀mí ni ó wá gbà, ṣùgbọ́n òru kò mọ olówó, kò sì mọ ẹni ọ̀wọ̀. Ní ti àwọn Mùsùlùmí, ọ̀rọ̀ Ànábì kan wà tí àwọn àfáà máa ń tọ́ka sí, pé ẹni tí a bá pa níbi tí ó gbé ń dáàbò bo ohun ìní rẹ̀, ikú ajẹ́rìíkú ni ó kú. Kí a ṣàkíyèsí pé orí ẹni tí ó kú ni ọ̀rọ̀ yìí dá lé ju orí ẹni tí ó pani lọ, àwọn àfáà tí wọ́n mọ̀wé dájú a sì máa tẹnu mọ́ ọn pé ohun tí igbe lè lé lọ, a kì í fi kùmọ̀ lé e, ohun tí kùmọ̀ bá sì lè lé lọ, a kì í yọ idà sí i.

Òfin tí a ń lò lónìí pa ààlà tí Mose fi oòrùn pa rẹ́. Ọdún 1916 ni Ìwé Òfin Ìwà Ọ̀daràn di ti gbogbo Nàìjíríà, orísun rẹ̀ sì ni ìwé tí Samuel Griffith kọ fún ilẹ̀ Queensland ní Ọsirélíà ní òpin ọ̀rúndún tó ṣáájú rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé lábẹ́ òfin tí a kọ́kọ́ tò fún àwọn alágùntàn òkè òkun ni àgbẹ̀ Ẹ̀rúnmú fi ń jẹ́jọ́. Abala 282 rẹ̀ sọ pé ẹni tí ó bá wà nínú ilé rẹ̀ ní ìrọ̀rùn lè lo agbára tí òun gbàgbọ́, lórí ìdí tí ó bọ́gbọ́n mu, pé ó yẹ láti fi dá ẹni tí ń fọ́lé láti wá ṣe iṣẹ́ ibi dúró, ìbáà ṣe òru, ìbáà ṣe ọ̀sán. Abala 286 ni ti ara ènìyàn fúnra rẹ̀: bí a bá kọlu ẹni tí kò fín ẹnikẹ́ni níràn, ó lè fi agbára gba ara rẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí agbára náà kò bá jẹ́ irú èyí tí ń pani, àfi bí ìkọlù náà bá jẹ́ irú èyí tí yóò mú kí ó bẹ̀rù ikú tàbí ìpalára ńlá, tí ó sì gbàgbọ́, lórí ìdí tí ó bọ́gbọ́n mu, pé kò sí ọ̀nà mìíràn, nígbà náà ni òfin gbà á láàyè láti ṣe ohun tí ó lè já sí ikú.

Ṣùgbọ́n kí onílé rọra jáde sí ìta níbi tí ó sá kòkó sí, òfin mìíràn ni ó bọ́ sí. Ní ti ẹrù tí ó ṣeé gbé, ní ti ilẹ̀ oko, ní ti ọ̀kadà tí ó wà lábẹ́ igi, ìwé kan náà sọ pé ènìyàn lè fi agbára dí olè lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ pa á lára. Ìgbésẹ̀ kan ṣoṣo láti ẹnu ọ̀nà sí àgbàlá ni ó wà láàárín ìdáláre àti ẹ̀sùn. Èyí tí ó tún wá lọ́jú pọ̀ ni pé abala 33 nínú ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, tí ó ga ju gbogbo òfin yòókù lọ, ka dídáàbò bo ohun ìní mọ́ ara àwọn ìdí tí ènìyàn fi lè kú lọ́wọ́ ẹlòmíràn láìjẹ́ pé a tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí ìyè lójú, níwọ̀n ìgbà tí agbára tí a lò kò bá kọjá ohun tí òfin gbà. Ẹni tí ó bá ka ìwé àkọ́kọ́ yóò di ìbọn rẹ̀ mú kí ó má yìn ín. Ẹni tí ó bá ka ìkejì yóò ní ìwúrí. Bí àwọn ìwé méjèèjì kò bá sì fẹnu kò, ta ni ó yẹ kí àgbẹ̀ gbọ́ tirẹ̀ láàárín ìgbà tí ajá gbó àti ìgbà tí olè sá wọ igbó?

Àwọn adájọ́ ti gbìyànjú láti la ọ̀nà náà. Léraléra ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ ọ́ pé ohun mẹ́rin ni ẹni tí ó bá sọ pé òun ń gba ẹ̀mí ara òun là ní láti bá pàdé: kí ó má ṣe jẹ́ òun ni ó dá ìjà sílẹ̀, kí ewu ikú tàbí ìpalára ńlá dé bá a ní tòótọ́ tàbí ní ohun tí òun fi tinútinú gbàgbọ́, kí ó má sí ọ̀nà tí ó fi lè sá láìfara pa, kí ó sì jẹ́ pé pípa náà di dandan. Ẹ̀kẹta ni ó ṣòro jù lọ fún ọkàn Yorùbá. Lóòótọ́, àwa náà mọ̀ pé akínkanjú tí ó mọ ìjà jà tí kò mọ ìsá sá ní í bá ogun lọ, àgbà kò sì ní í fi sísá kúrò níwájú wèrè ṣe ìtìjú. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sá kúrò nínú yàrá tí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ sùn sí? Kí ni adájọ́ tí ó jókòó lábẹ́ fáànù, tí àga rẹ̀ ní tìmùtìmù, yóò pè ní ọ̀nà àbáyọ nínú ilé tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ? Ní ọdún 2015, àgbẹ̀ kan ní Ìpínlẹ̀ Adamawa bá darandaran kan jà nínú oko. Darandaran náà fi ọ̀bẹ ṣá a, àgbẹ̀ náà já ọ̀bẹ gbà, ó sì fi gún un, ó kú. Ilé Ẹjọ́ Gíga ní Yola dá a lẹ́jọ́ ikú ní ọdún 2021, lórí pé nígbà tí ọ̀bẹ ti dé ọwọ́ rẹ̀ ó lè ti sá lọ. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ sì fọwọ́ sí i ní oṣù kẹta ọdún 2025, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé adájọ́ Helen Ogunwumiju kò bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fohùn ṣọ̀kan. Ọ̀bẹ ni ti ọkùnrin yẹn, kì í ṣe ìbọn, ọ̀tá rẹ̀ ni ó sì mú un wá. Lẹ́yìn ẹnu ilé ẹjọ́ yẹn, àánú gómìnà ni ó kù fún ènìyàn, àánú kì í sì í ṣe ẹ̀tọ́.

Bí àwọn adájọ́ tí wọ́n fi òwúrọ̀ àti ọ̀sán ka ìwé lórí ọ̀rọ̀ kan bá lè pín sí méjì, báwo ni a ṣe fẹ́ kí ọkùnrin tí ojú rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là lójú oorun mọ ibi tí òtítọ́ wà?

Gbogbo ọ̀rọ̀ náà wá rọ̀ mọ́ ìdí tí ó bọ́gbọ́n mu. Ọgbọ́n ta ni? Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, sísá ni yóò sá, kò sì sí ẹni tí ó lè pè é ní òmùgọ̀. Abúlé tí ajínigbé ti wọ̀ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ẹsẹ̀ tí ó bá dún lẹ́yìn aago mọ́kànlá, ẹsẹ̀ ajínigbé ni. Òfin gbà pé kí a wo ọ̀rọ̀ láti ibi tí ẹni náà dúró sí, ṣùgbọ́n kò gbà á dé òpin. Ní ọdún 1954, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbọ́ ẹjọ́ ọkùnrin kan láti Nàìjíríà tí ara ìyàwó rẹ̀ kò yá lẹ́yìn tí oyún bàjẹ́ lára rẹ̀, tí ó gbà pé àjẹ́ ni ó ń ṣe é, tí ó sì lu obìnrin tí ó fura sí pa. Ilé ẹjọ́ kò sọ pé irọ́ ni ó ń pa. Wọ́n gbà pé ó gbà á gbọ́, wọ́n sì gbà pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ibẹ̀ ni ó gbà á gbọ́ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kò bọ́gbọ́n mu. Tèmi ni pé ìdájọ́ náà tọ̀nà, nítorí bí ó bá jẹ́ pé ohun tí gbogbo àdúgbò gbà ti tó láti fi pa ènìyàn, kò ní sí arúgbó obìnrin tí yóò lè sùn. Ṣùgbọ́n kí a mọ ohun tí ó túmọ̀ sí. Ó túmọ̀ sí pé onílàákàyè tí òfin ń fi wé wa kì í ṣe ará Ẹ̀gbẹ́dá gan-an, kì í sì í ṣe ará Lọ́ńdọ̀nù. Ẹnì kan ni tí a kò rí rí, tí ẹ̀rù ń bà níwọ̀n, tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, tí ó lè fi ìtànṣán ìràwọ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín àdá àti igi ìdáná. Ògún tìkara rẹ̀ kò ní yege níwájú onílàákàyè yìí.

Ìbọn tún ní ẹjọ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, yàtọ̀ sí ti ẹni tí ó pa. Òfin ìbọn ti ọdún 1959 pín ìbọn sí ọ̀wọ́ mẹ́ta: ti àwọn ológun àti ìbọn ìléwọ́, tí ó jẹ́ pé àṣẹ Ààrẹ nìkan ni ó lè fi wọ́n sọ́wọ́ aráàlú, ìbọn ọdẹ òyìnbó bí olójú méjì, tí ìwé àṣẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá, àti ṣakabùlà pẹ̀lú gbogbo ìbọn tí a ń ki ẹ̀tù láti ẹnu, tí òun náà ń béèrè ìwé ìyọ̀ọ̀da. Ìwé yìí ni ọ̀pọ̀ ọdẹ kò ní, nítorí pé bàbá rẹ̀ kò ní in, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè rẹ̀ títí di ọjọ́ tí wàhálà dé. Òfin ọdún 1984 lórí olè jíjà àti ìbọn sì sọ pé ẹni tí a bá bá ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ láìbófin mu yóò san ₦20,000 tàbí kí ó lọ sẹ́wọ̀n tí kò gbọ́dọ̀ dín ní ọdún 10, tàbí kí ó jẹ méjèèjì pọ̀. Nítorí náà ó ṣeé ṣe kí adájọ́ dá ènìyàn láre lórí òkú tí ó sùn sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kí ó sì ti torí ohun tí ó fi gba ẹ̀mí ara rẹ̀ là wọ ẹ̀wọ̀n.

Ìjọba ní ìdí tí ó fi ń fura sí ìbọn lọ́wọ́ àgbẹ̀, kò sì yẹ kí àwa tí a wà ní oko Ìbàdàn díbọ́n bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 1968 sí 1969, nígbà tí owó orí pọ̀ ju agbára àgbẹ̀ lọ, ṣakabùlà kan náà ni àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà gbé láti Àkànrán, níbi tí Tàfá Adéoyè gbé ń ṣe olórí, dé Ẹ̀gbẹ́dá àti àwọn abúlé yòókù. Wọ́n ya wọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, wọ́n sì mú kí ìjọba sọ owó orí kalẹ̀. Ẹ̀tọ́ wà nínú ẹ̀dùn wọn. Ẹ̀jẹ̀ wà nínú ọ̀nà tí wọ́n gbà. Láti ìgbà náà wá, ìjọba a máa fẹ́ ọdẹ ní ọ̀sán, a sì máa bẹ̀rù rẹ̀ ní òru, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i nígbà tí àwọn gómìnà ilẹ̀ Yorùbá dá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 2020, tí a pe àwọn ọdẹ síbẹ̀ fún ìmọ̀ igbó tí wọ́n ní, tí àríyànjiyàn sì pẹ́ lórí irú ìbọn tí ó yẹ kí a fi lé wọn lọ́wọ́.

Kì í ṣe àwa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí rú lójú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1999, àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Tony Martin, tí ó ń dá gbé nínú ilé oko rẹ̀ ní Norfolk, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, yìnbọn tí kò ní ìwé sí àwọn olè tí wọ́n fọ́lé wọlé lóru. Ọ̀kan kú, ọmọ ọdún 16 ni, ẹ̀yìn sì ni ọta ti bà á. Àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ kà á sí ìpànìyàn. Nígbà tí ilé ẹjọ́ tó ga jù ú lọ dín ẹ̀sùn náà kù ní ọdún 2001, àìpé ọpọlọ ni wọ́n fi ṣàánú rẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n gbà pé ó gba ara rẹ̀ là. Ìdajì ìlú ń pè é ní akọni, ìdajì ń pè é ní apànìyàn. Èmi kò rí ìdí tí kò fi lè jẹ́ méjèèjì.

Nítorí èyí ni n kò fi fara mọ́ àwọn tí ń fẹ́ kí a ṣe òfin tí yóò sọ pé ẹni tí ó bá ti fẹsẹ̀ kan ẹnu ọ̀nà onílé lóru, ẹ̀mí rẹ̀ di ti onílé. Ẹ jẹ́ kí a ka àwọn tí ń kan ilẹ̀kùn ẹni lóru: ọ̀mùtí tí ó ṣi ilé mọ̀, wèrè tí òjò lé, ọmọ àbúrò tí ó ti ìlú òkè dé láìròtẹ́lẹ̀, aboyún tí ń wá ẹni tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, àti mọ̀lẹ́bí tí ẹjọ́ ilẹ̀ wà láàárín àwa pẹ̀lú rẹ̀. Bí òfin bá mú iyèméjì kúrò, ẹni ìkẹyìn yìí ni a ó kọ́kọ́ bá lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀rù pé n kò mọ ohun tí adájọ́ yóò sọ ni ó ń dá ìka dúró níwọ̀n ìgbà tí ènìyàn lè mí lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì ké pé, "Ta nìyẹn?" Bí a ti ń jà, bí í ká kú kọ́.

Ṣùgbọ́n iyèméjì tí ó wà nínú ìwà ènìyàn yàtọ̀ sí èyí tí ìjọba fi ọ̀lẹ dá sílẹ̀, èyí èkejì ni mo sì ń bínú sí. Òfin tí ó lè so ènìyàn kọ́, ó yẹ kí a kọ ọ́ ní èdè tí ẹni náà ń sọ, kí a sì kà á fún un níbi ìpàdé ọdẹ, gẹ́gẹ́ bí a ti ń kéde àjẹsára. N kò tíì rí ibi tí a ti ṣe é. Ọlọ́pàá tí yóò dé nígbà tí ọ̀ràn bá ti tán ni yóò bi ọdẹ léèrè ìdí tí kò fi dúró de òun. Ẹ̀sùn ìpànìyàn kì í jẹ́ kí béèlì rọrùn, kò sì ṣọ̀wọ́n kí ẹni tí ilé ẹjọ́ yóò dá láre ní ìgbẹ̀yìn ti lo ọdún púpọ̀ ní àtìmọ́lé kí ó tó gbọ́ ìdáláre náà, nígbà tí oko rẹ̀ ti di igbó, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti kúrò nílé ìwé. Nígbà tí ó bá dé, ìyá olè náà wà ní abúlé kejì. Wọn yóò jọ pàdé ní ọjà. Adájọ́ ti sọ pé kò jẹ̀bi, adájọ́ sì tọ̀nà, ṣùgbọ́n kò sí ìwé òfin tí ó kọ ohun tí yóò sọ fún obìnrin náà, bóyá ohun tí ó mú Ògún wọlẹ̀ ní Ìrè náà nìyẹn, pé kò ku ẹnì kan tí yóò bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti kúrò ní ti ọdẹ abúlé nìkan wàyí, nítorí pé Ìbàdàn ti ń gbòòrò wọ oko. Láti Ọlọ́dẹ títí dé Olódó, ẹgbẹ́ onílé ni ó ń gba ọdẹ síṣẹ́, tí wọ́n ń dá owó oṣù fún un. Ẹ jẹ́ kí àwọn bàbá onílé tún abala 282 kà dáadáa: ẹni tí ó wà nínú ilé, àti ẹni tí ó ń ràn án lọ́wọ́ tàbí tí ó ń ṣe iṣẹ́ lórí àṣẹ rẹ̀, ni òfin náà dárúkọ. Ọdẹ tí ó dúró ní ìta, lẹ́bàá géètì tí kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó, tí ó yìnbọn sí ẹni tí ń fo ògiri ilé tí onílé rẹ̀ ń gbé ní Èkó, kò dájú pé ó wà lábẹ́ abala yẹn rárá. Ó lè jẹ́ pé kìkì ẹ̀mí tirẹ̀, tàbí ti ẹlòmíràn tí a ti ń kọlù, ni òfin gbà á láàyè láti fi ìbọn gbà. Abala keje ìwé kan náà sì ka ẹni tí ó gba ẹlòmíràn níyànjú láti ṣẹ̀ mọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé alága tí ó dìde ní ìpàdé tí ó ní, "Ẹni tí o bá rí, yìn ín lulẹ̀," ti bá wọn dá sí ẹjọ́ tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀, nínú ìwé àdéhùn tí irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń kọ, iye owó oṣù wà níbẹ̀, tọ́ọ̀ṣì àti bàtà òjò wà níbẹ̀, aago tí yóò fọn fèrè wà níbẹ̀. Ìgbà tí ó lè yìnbọn, ẹni tí ó ni ìwé ìbọn náà, àti ẹni tí yóò sanwó agbẹjọ́rò kò sí níbẹ̀.